Bí mo ṣe ń po ásíìdì HBr ní láàbù wa ní Kúbwà

Kí n tó fọwọ́ kan ìgò ásíìdì rárá, iná ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Láàbù kékeré ni tiwa, yàrá méjì péré ní Kúbwà, l'Ábùjá, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ní kẹ́mísírì. Fáànù tó ń fa èéfín jáde nínú fume cupboard wa, ìyẹn àpótí tí a ti ń po ásíìdì, ìnfátà wa kò lè gbé e. Lọ́jọ́ kan, mo ti ṣí ìgò, mo ti ń da ásíìdì sínú sílíńdà, ni wọ́n bá mú iná. Fáànù dákẹ́. Èéfín funfun tó ti ń bá tirẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ṣẹ́rí padà sí mi lójú bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Mo wúkọ́ títí di alẹ́. Láti ọjọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń tàn fún iṣẹ́ yìí, iná ìbáà wà.

Gáàsì ni HBr, ìyẹn hydrogen bromide, fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò ni wọ́n ti yọ́ sínú omi, ó sì sábà máa ń jẹ́ 48%: nínú gíráàmù 100 rẹ̀, gíráàmù 48 ni HBr. Ó wúwo; mílílítà kan rẹ̀ tó gíráàmù 1.49. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rà á, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ ṣe é fúnra yín. Ojúlùmọ̀ mi kan rò pé bí wọ́n ṣe ń da sulfuric acid líle sórí iyọ̀ láti rí HCl, bẹ́ẹ̀ náà ni òun á ṣe rí HBr láti ara iyọ̀ brómáìdì. Èéfín pupa brómínì ló bá pàdé, torí sulfuric acid líle kì í jẹ́ kí HBr wà bó ṣe wà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi 1,000 sọ 1.49 di púpọ̀, ẹ mú ìdá 48 nínú 100 rẹ̀, kí ẹ wá fi 80.91, ìyẹn ìwọ̀n móòlù kan HBr, pín in. Mólà 8.84, ìyẹn móòlù 8.84 nínú lítà kan, ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá wá fẹ́ lítà kan tó jẹ́ 0.1 mólà, mílílítà 11.3 péré ni ẹ nílò láti inú ìgò.

Omi ló máa ń gba àkókò mi jù. Omi distilled ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi bohóòlù, kì í sì í ṣe píọ̀ wọ́tà. Omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì mọ́tò pàápàá, mi ò kí í gbà á gbọ́ lásán: mo máa ń bu díẹ̀ sínú tẹ́sí túùbù, kí n kán silver nitrate ẹ̀kán méjì sí i. Bó bá funfun bí omi ògì, kílóráìdì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi fọ aṣọ.

Ó kù ká pò ó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ gọ́gù tó bo ojú yíká. Ẹ gbé omi bíi mílílítà 500 sínú bíkà, kí ẹ tó máa rọra da ásíìdì sínú omi náà. Omi ló ń ṣáájú, ásíìdì ló ń tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe IT lọ́dọ̀ mi da ásíìdì sínú bíkà gbígbẹ, ó wá ń na ọwọ́ sí ìgò omi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mà, ṣebí ohun kan náà ni?"

Mo ní kó fọwọ́ kan ara bíkà lẹ́yìn tí a ti pò ó bó ṣe tọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní, "Ooru yẹn, tó bá jẹ́ omi díẹ̀ lo dà sórí ásíìdì, ojú ẹ ni ì bá ta sí."

Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ Àbújá máa ń gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí èéfín funfun yẹn lè má fi bẹ́ẹ̀ hàn, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di kùrukùru. Gáàsì ṣì wà níbẹ̀ o. Lóṣù kẹta, ooru ni wàhálà tiwa. Wọ́n kọ 20°C sára fúláàsìkì lítà kan tí a ń da ásíìdì tí a pò sí, láàbù wa sì máa ń tó 35°C lọ́sàn-án. Omi tó kún lítà kan ní 35 á fi bíi mílílítà 4 dín bó bá tutù dé 20. Nítorí náà, àárọ̀ kùtù ni mo máa ń ṣe é, mo sì máa ń dúró kó tutù kí n tó fi omi kún un dé ojú ìlà.

Ẹ má tíì kọ 0.1 sára ìgò, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó pé bẹ́ẹ̀. Ẹ yan sodium carbonate ní bíi 260°C fún wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó tutù níbi tí ọ̀rinrin kò lè dé, ẹ wọn gíráàmù 1.325, kí ẹ yọ́ ọ sínú omi títí yóò fi pé mílílítà 250. Ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì fa mílílítà 25 rẹ̀ (rọ́bà ni kí ẹ fi fà á, kì í ṣe ẹnu), ẹ dà á sínú fúláàsìkì kékeré, ẹ kán methyl orange, aró tó ń yí àwọ̀ padà bí ásíìdì bá pọ̀ tó, sí i, kí ẹ máa da HBr sí i láti inú bùrẹ́ẹ̀tì. Ó máa hó díẹ̀díẹ̀. Ìyeyè rẹ̀ kì í yí padà lẹ́ẹ̀kan náà: àwọ̀ ọsàn ló máa ń kọ́kọ́ yọ ní ibi tí ẹ̀kán bá bọ́ sí, ẹ mi fúláàsìkì, ó á tún pòórá. Ẹ̀kán tí àwọ̀ ọsàn náà bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ń wá. Bí ásíìdì yín bá jẹ́ 0.1 lóòótọ́, mílílítà 25 ló máa gbà.

Ìgò tí mo rà lọ́dún kan ti ní àwọ̀ ìyeyè bíi tíì kí n tó ṣí i, mo sì lò ó bẹ́ẹ̀. Mílílítà 27.2 ló gbà, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mílílítà 25 tó yẹ kó gbà, tí a fi 0.1 sọ di púpọ̀, jẹ́ 2.5; 2.5 tí a fi 27.2 pín jẹ́ 0.0919. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń sọ HBr di brómínì díẹ̀díẹ̀, òun ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn, àmọ́ mi ò gbà pé ìyẹn nìkan ló jẹ ẹ́ dé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ti ṣí i rí. Mo kọ 0.0919 sára ìgò, mo kọ ọjọ́ sí i. Ọmọ IT mi ní ṣé a ò ní da ásíìdì díẹ̀ sí i kó lè pé 0.1. Mo ní kó fi nọ́ńbà náà ṣe ìṣirò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Inú ìgò búráùn ni kó wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, jìnnà sí ìgò amóníà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ẹnu ìgò á hu èérún funfun. Bó bá ta sí yín lára, omi ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi nǹkan mìíràn sí i. Èyí tó bá dà sórí tábìlì àti èyí tó bá ṣẹ́kù, bákìn sódà ni mo ń wọ́n sí i títí yóò fi dẹ́kun híhó, kí n tó fi omi púpọ̀ ṣàn án lọ. Káún ọjà náà máa ń hó bákan náà, àmọ́ yanrìn inú rẹ̀ ti dí síńkì wa lẹ́ẹ̀mejì.