Boulevardier Tí Mo Pò Nílé, Àti Vermouth Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Bà Á Jẹ́

Ní oṣù kẹfà, ilé ọtí kan nílùú Houston gba dọ́là 18 lọ́wọ́ mi fún ife Boulevardier, ọtí àpòpọ̀ kan, ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tí mo fi máa san owó orí, tí mo sì fún agbọ́tí ní tirẹ̀, ó ti lé ní dọ́là 23, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà nínú ife náà kò ju ohun tí ènìyàn lè gbé mì lẹ́ẹ̀mẹfà lọ. Mo búra pé èmi fúnra mi ni n ó máa pò ó.

Ohun mẹ́ta péré ló gbà: bourbon (wisikí ilẹ̀ Amẹ́ríkà), Campari (ọtí pupa kíkorò ti ilẹ̀ Ítálì) àti vermouth pupa. Nínú ìwé tí Harry MacElhone, ẹni tó ni Harry's New York Bar nílùú Paris, gbé jáde lọ́dún 1927, ìwọ̀n kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn, nítorí Campari a bo bourbon mọ́lẹ̀. Mílílítà 45 bourbon, 30 Campari àti 30 vermouth ló bá mi lára mu.

Ife àkọ́kọ́ kò ṣeé mu. Kíkorò nìkan kọ́, ó tún kan. Mo di ẹ̀bi ru bourbon, mo sì lọ ra òmíràn ní dọ́là 38. Kò yàtọ̀. Mo dín Campari kù. Ọtí náà kàn wá ṣàn bí omi ni. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ní yìnyín ló fa á, nítorí ẹ̀gbẹ́ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló wà nínú fíríìsà (ó ń rùn díẹ̀ lóòótọ́), mo bá da gbogbo rẹ̀ nù, mo ṣe tuntun.

Àbúrò mi tó wá kí wa ló ṣí ìgò vermouth, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, èyí ti kan. Ìgbà wo lẹ ti ṣí i?" Láti ọdún Kérésì ni, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló sì ti wà. Ojú tì mí. Wáìnì ni vermouth, bí wọ́n tilẹ̀ fi egbòogi àti ọtí líle díẹ̀ kún un; bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú ìgò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyẹn. Bourbon lè wà ní ṣíṣí fún ọdún kan kí ó má ṣe nǹkan kan. Èmi tí n kì í mu ẹmu àná nílé bàbá mi ni mo wá ń mu wáìnì oṣù mẹ́jọ!

Mo ra ìgò kékeré onímílílítà 375, mo gbé e sínú fíríìjì. Mo fi ṣíbí ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú yìnyín fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, mo sẹ́ ẹ sórí yìnyín ńlá kan, mo sì tẹ èèpo ọsàn lé e lórí títí òróró rẹ̀ fi tàn yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ lójú ọtí náà. Kí n má parọ́, ó dára ju ti ilé ọtí yẹn lọ. Ṣùgbọ́n dọ́là 38 yẹn ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́ tí mo ṣí ìgò tuntun náà wà lára rẹ̀ báyìí. Àbúrò mi ló fi bíró kọ ọ́, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, inú fíríìjì."