Bí ẹ ṣe máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ ìwádìí yín níwájú adájọ́

Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tẹ́ẹ wà ní Òṣogbo níbí, bóyá UNIOSUN lẹ wà o, bóyá Fountain ni, tí wọ́n bá ti lẹ pépà mọ́ bọ́ọ̀dù dípátímẹ́ǹtì yín pé ìdíje ń bọ̀, kí ẹni tó bá ti ṣe ìwádìí wá sọ ọ́ níwájú adájọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sá fún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ múra ẹ̀, ohun tí mo sì ń rí ni pé ẹni tíṣẹ́ ẹ̀ bá yé èèyàn ló ń gbé ipò kìíní lọ, bí iṣẹ́ ẹlòmíì tiẹ̀ le ju tiẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó dáa jù láti débẹ̀ ò sì náni lówó: ẹ kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ yín lédè Yorùbá fún ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, kẹ́ẹ tó gbé e wọ inú Òyìnbó.

Kẹ́ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹ gba pépà òfin kẹ́ẹ kà á tán. Nínú irú ìdíje yìí, èyí tí wọ́n mọ̀ jù lágbàáyé ni Three Minute Thesis, 3MT ni wọ́n ń pè é, Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2008. Ọ̀dá ló bí i. Omi wọ́n wọn lásìkò yẹn, wọ́n wá ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n má pẹ́ ní balùwẹ̀, làwọn èèyàn bá ń gbé aago kékeré oníṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹyin lórí iná kọ́ sára ògiri balùwẹ̀, ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Alan Lawson ti ronú ẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ náà máa fi ìwọ̀n yẹn sọ ìwádìí ẹ̀. Ẹ wò ó, téèyàn bá ní kóun ka ìwé ìwádìí PhD tó ní ọ̀rọ̀ 80,000 jáde lẹ́nu, ó máa gbà á tó wákàtí 9. Òfin wọn ò pọ̀: ìṣẹ́jú 3, síláìdì kan ṣoṣo tí nǹkan kan ò gbọdọ̀ máa rìn nínú ẹ̀, kò sí fídíò, kò sí pé ẹ mú nǹkan dání, ẹ ò gbọdọ̀ kọrin, ẹ ò gbọdọ̀ kéwì. Ẹni tó bá kọjá ìṣẹ́jú 3, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe PhD ni wọ́n dìídì ṣe é fún, àmọ́ ìdíje tiyín lè gba ọmọ dìgírì àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú 5 tàbí 10, wọ́n sì lè fi ìbéèrè sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ẹ kà á.

Tẹ́ẹ bá ti kà á tán, ẹ pa ìwé dé, ẹ wá ẹnì kan lọ. Ó lè jẹ́ ìyá yín, ó lè jẹ́ màmá tẹ́ẹ ti ń ra elùbọ́ ní Ọjà-Ọba, ẹni tó máa sọ fún yín lójú yín tí ọ̀rọ̀ yín ò bá yé e. Ọmọ Kẹ́mísìrì kan wà tí mo bá múra, àkọlé pírójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ gùn tó ìlà mẹ́ta, “physicochemical” ló fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ lórí èlú ló ṣe, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, ẹ sì mọ̀ pé ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo. Mo ní kó lọ bá màmá aláró tó ti lọ ṣèwádìí lọ́dọ̀ wọn yẹn gan-an, kó sọ ohun tó rí fún wọn. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pH, ó ń sọ ti èròjà yìí àti tọ̀hún, màmá tẹ́tí títí, wọ́n wá ní, “Ọmọ mi, mo gbọ́ o, kí lo wá ń wá gan-an?” Ó dákẹ́. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, “Màmá, ẹ̀yin kàn máa ń gbóòórùn ìkòkò yín ni, ẹ̀ẹ́ sì mọ̀ pé aró ti tó rẹ aṣọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí imú yín ń gbọ́.” Mo ní ó ti bọ́ sí i! Gbólóhùn yẹn la mú, òun la fi kọ gbogbo ìyókù.

Tiyín náà gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn kan báyìí. Tẹ́ẹ bá jókòó tẹ́ẹ ò rí i, ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín, torí ohun téèyàn ò bá lè sọ lédè tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, mo gbà pé kò tíì yé òun fúnra ẹ̀ dáadáa ni. Mi ò sọ pé kẹ́ẹ yọ sáyẹ́ǹsì kúrò o, àwọn adájọ́ ń wò ó bóyá iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀, ohun tẹ́ẹ ṣe, bẹ́ẹ ṣe ṣe é, ohun tẹ́ẹ rí àti ohun tó máa ṣe fún aráyé. Ọmọ èlú yẹn sọ sáyẹ́ǹsì tiẹ̀ dénú: pé àwọ̀ búlúù inú èlú ò lè yòrò nínú omi lásán, pé omi eérú àti àwọn kòkòrò tójú ò rí tó wà nínú ìkòkò ló ń yí i padà tó fi ń yòrò, pé tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, atẹ́gùn ló ń fẹ́ sí i tó fi ń di búlúù lójú ẹni. Ó sọ gbogbo ẹ̀ láìlo ọ̀rọ̀ ńlá ju ẹyọ kan lọ, èyí tó sì lò yẹn, ó túmọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Tó bá dorí kíkọ, ẹ má jẹ́ kó ju 340 ọ̀rọ̀ lọ tó bá jẹ́ Òyìnbó lẹ máa sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀ á sọ tó 130 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má kó nọ́ńbà jọ, ẹyọ kan tó wúwo tó. Ẹ fi ohun téèyàn lè fojú inú rí bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ tó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ nípa ẹ̀, ibi tẹ́yin ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Síláìdì ò tó nǹkan téèyàn ń fi oru méjì ṣe. Fọ́tò kan tó dáa, ọ̀rọ̀ mélòó kan tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè kà, ó tán. Fọ́tò aṣọ kan tí wọ́n ń fà jáde nínú ìkòkò lọmọ yẹn lò, apá kan ṣì dà bí ewé, apá kejì ti di búlúù, ọwọ́ màmá náà sì hàn níbẹ̀ tí aró ti mu dé ọrùn ọwọ́. Ó gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó lò ó, ẹ̀yin náà ẹ gbàṣẹ. Ẹ tọ́jú ẹ̀ sí PDF, kẹ́ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, torí fláàṣì lè kọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ibi tí mo máa bẹ̀ yín dáadáa ni bẹ́ẹ ṣe máa fi kọ́ra. Ẹ dìde dúró, ẹ tan aago fóònù, ẹ sọ ọ́ sókè, kíka á sínú ò ṣe nǹkan kan. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ dípátímẹ́ǹtì míì, kẹ́ẹ tún padà sọ́dọ̀ màmá yẹn. Tí NEPA bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má dúró, ibẹ̀ gan-an lohùn ti ń là. Àwòrán ni kẹ́ẹ há sórí, ẹ má há ọ̀rọ̀, torí tí ọ̀rọ̀ kan bá bọ́, ìyókù á máa wá a, àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé ìkòkò ló kàn, lẹ́yìn ẹ̀ ni aṣọ, lẹ́yìn ẹ̀ ni atẹ́gùn, kò lè sọnù.

Kí ó parí ní ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 40. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi. Ọmọ kan wà tí mo kọ́ lọ́dún kan, 2:58 ló ń bọ́ sí nígbà gbogbo tá a bá dán an wò nílé, èmi ni mo sì sọ fún un pé ó ti tó. Ọjọ́ dé, ó sọ ọ́ ó dùn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ láàárín ọ̀rọ̀, ó ní láti dúró kí wọ́n dákẹ́, ìgbà tó máa parí ó ti di 3:06. Wọ́n yọ ọ́. Òun ló dáa jù ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń rántí bó ṣe ká pépà ẹ̀ sínú báàgì láìwo ojú mi. Láti ọjọ́ yẹn mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá 2:40 mọ́.

Lọ́jọ́ tó bá kò, ẹ jẹun díẹ̀, ẹ tètè dé, téèyàn bá ń gba Ọláìyá kọjá láàárọ̀ ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń dì. Ẹ lọ wo ibi tẹ́ẹ máa dúró sí. Ọ̀rọ̀ ìkíni wá ńkọ́? Ọmọ Yorùbá ni wá, ara ò lè gbà ká má kí àgbà, àmọ́ ní 3MT ìgbà tẹ́ẹ bá ti mira tàbí lanu láti bẹ̀rẹ̀ laago ti ń ka, ẹni tó bá wá kí VC, kí díìnì, kí alága ìjókòó, àáyá 25 ti lọ. Ẹ kí wọn nígbà tẹ́ẹ bá ń wọlé láàárọ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn. Tẹ́ẹ bá ti dúró tán, ẹ mí, ẹ wo ojú èèyàn kan, kẹ́ẹ ti ẹnu ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ń béèrè ìbéèrè níbi tiyín, ẹ gbọ́ ọ tán kẹ́ẹ tó dáhùn, èyí tẹ́ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò tíì wò ó débẹ̀.

Tó bá parí, ẹ tẹ síláìdì yẹn sórí pépà, kẹ́ẹ mú un lọ fún ẹni tẹ́ẹ tọ̀ lọ nígbà ìwádìí. Ipò kejì lọmọ èlú gbà, ọjọ́ kejì ló sì gbé tiẹ̀ lọ. Màmá pe àwọn tó kù nínú ebu wá wò ó, wọ́n nà án sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní, “Ọwọ́ mi nìyí.”