Bí Mo Ṣe Rí Ìpàdé Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí Nítòsí Ilé Mi ní Lọ́ńdọ̀nù

N kì í ṣe ẹni tó ń mutí dá wàhálà sílẹ̀ lóde àríyá. Inú yàrá mi ní Peckham ni mo ti ń mu tèmi, láàárọ̀, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi kì í yé gbọ̀n tí n kò bá tíì mu. Ọjọ́ tí Ìyá Ṣeun rí ìgò lábẹ́ aṣọ ọmọ wa, kò pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá Ṣeun, apá mi ò ká eléyìí mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde.

Ọ̀dọ̀ dókítà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibí yìí. Èrò mi ni pé màá da gbogbo ọtí nù lọ́jọ́ kan náà, ó parí. Dókítà ní kí n má dán an wò. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí lójoojúmọ́, tó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó tiẹ̀ lè kú. Wọ́n fún mi lóògùn, nọ́ọ̀sì sì ń yẹ̀ mí wò. Nọ́ọ̀sì yìí ló bi mí pé ta ni màá bá sọ̀rọ̀ tí ọtí bá tún ń wù mí lóru. N kò rí ẹnì kankan dárúkọ. Ó ní kí n wá ìpàdé Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, tí gbogbo ayé ń pè ní AA.

Orí fóònù ni mo ti wá a. Mo ṣí ojú òpó AA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo tẹ póòsìkóòdù mi, ìpàdé sì tò wálẹ̀: ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́, títí kan ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ "open" sí ẹ̀gbẹ́ àwọn kan. Ìyẹn ni pé ẹbí àti ọ̀rẹ́ lè bá èèyàn wọlé. Àwọn yòókù wà fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí fúnra rẹ̀. Odindi òru méjì ni mo fi wá ibi tí èèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀. Kò sí. Kò sówó ìwọlé náà. Kéèyàn ṣáà ti fẹ́ jáwọ́, ó tó.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni pé mo yan ìpàdé ọ̀nà jíjìn, ní Hammersmith, nítorí ẹ̀rù ojú àwọn èèyàn wa. Ní Peckham, ta ni kò ní rí ẹni tó máa kí i ní "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta"? Mo pẹ́ débẹ̀, ìtìjú ò jẹ́ kí n wọlé, mo bá padà sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe nọ́ńbà wọn, 0800 9177 650. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó gbé e, ọtí ti da òun náà láàmú rí. Ó bi mí bóyá mo ti mutí lọ́jọ́ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bá mi wí. Ó sọ ìpàdé kan tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sílé mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé bí AA ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn: ní 1935, ní ìlú Akron, Amẹ́ríkà, ọtí ń fa ọkàn Bill Wilson, ọ̀mùtí kan tó ti jáwọ́, níbi tó wọ̀ sí, ló bá ń tẹ èèyàn láago títí wọ́n fi júwe ọ̀mùtí mìíràn fún un, Dókítà Bob Smith, kí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé ṣọ́ọ̀ṣì náà, ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì. Òjò ń rọ̀. Mo ti yíjú padà kí n tó rí bébà kékeré kan lára géètì ẹ̀gbẹ́: AA, wọ́n ya ọfà sí i. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbà wọlé.

Ẹni tó kọ́kọ́ wojú mi nínú yàrá náà, ọmọ Yorùbá ni, ìyá tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. (Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú àpèjúwe wọn, torí ẹni tí a bá rí níbẹ̀, a kì í dárúkọ rẹ̀ níta.) Àyà mi já. Wọ́n gbé tíì fún mi, wọ́n rọra ní, "Jókòó, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́ níbí." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Omi ti lé sí mi lójú.

Ẹnì kan sọ ìtàn ara rẹ̀, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò já lu ẹlòmíràn. Wọ́n gbé agbọ̀n owó kọjá, wọ́n ní kí ẹni tuntun má dá nǹkan kan. N kò sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo ti ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn mìíràn ni. Àmọ́ Ọlọ́run bí kálukú bá ṣe mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń sọ, mo sì gbàdúrà tèmi lọ́kàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo tún mutí. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́, wọ́n ní, "O káre tó o wá." Ìyá Ṣeun náà ti ń lọ sí Al-Anon, tí í ṣe ti àwọn ará ilé ọ̀mùtí.

Ní báyìí, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni mo ń tètè dé láti gbé omi tíì kaná. Mo sì ya ọfà ńlá kan, ilẹ̀kùn iwájú ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́.