Ọmọ ewúrẹ́ tí mo gbé wá bá àǹtí mi

Odindi oṣù mẹ́ta ni àǹtí mi ò fi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì nílé wọn ní Iléṣà. Lẹ́yìn ikú ọkọ wọn ni. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu wọn. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó kọ oògùn, ó ní ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mú wọn lára.

Mo wá rántí Boris Levinson, ará Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú ọmọ tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Ní 1962 ló kọ̀wé nípa ajá rẹ̀, Jingles, tó ń bá a ṣiṣẹ́ náà. Èmi ò kọ́ irú ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo ní n ó gbìyànjú.

Ajá ni mo kọ́kọ́ mú wá. Mo ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un, mo fún un lóògùn aràn, n ò kàn bi àǹtí mi léèrè bóyá wọ́n fẹ́ràn ajá ni. Ó gbó mọ́jú. Aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé: "Ṣé ti Ògún ni?" Ìjẹ̀ṣà kúkú ni wá. Àǹtí mi ní, "Bá mi mú un lọ." Mo mú un lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ewúrẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan bímọ, ìyá ewúrẹ́ náà sì kú. Mo fi báàfù gbé ọmọ náà wálé, mo ra fídà. "Àǹtí, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un ní mílíìkì."

Nígbà tí mo dé lálẹ́, fídà ṣì kún dẹ́múdẹ́mú, ọmọ ewúrẹ́ ti ké tí ohùn rẹ̀ há. Àyà mi já. Mo fún un fúnra mi, n ò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, fídà ti gbẹ.

"Ta ló kọ́ ẹ pé mílíìkì tútù ni wọ́n ń fún ọmọ tuntun?" Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ wọn láti mọ̀ bó ṣe gbóná sí. Wọ́n ní kó dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mu ún, kí mílíìkì má baà gba ọ̀nà èémí lọ. Ọmọ ewúrẹ́ ń fi orí kan fídà, ìrù rẹ̀ ń mì jìgìjìgì.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ló ń mu, àkọ́kọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Èmi ò jí wọn o, igbe rẹ̀ ló ń jí wọn. Wọ́n ṣì ń lo oògùn, ọjọ́ mìíràn sì wà tí wọ́n á gbé e lé itan, tí wọ́n á máa sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ káàdì ọsibítù wọn. Wọ́n gun ọ̀kadà lọ gba òmíràn fúnra wọn.