Èémí Yóògà fún Ẹni Tó Sanra Jù: Bí A Ṣe Ń Ṣe É, àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Kò sí bí èèyàn ṣe lè mí tí ọ̀rá ikùn á fi yọ́. Fídíò tó bá ní kí ẹ máa fa ikùn wọlé kí ẹ máa tì í jáde, pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ikùn á ti wọlé, irọ́ ló ń pa. Ohun tí èémí yóògà ń ṣe ni pé ó ń fi ara àti ọkàn lélẹ̀, ó ń mú kí oorun dáa, ó sì lè dá ọwọ́ dúró díẹ̀ kó tó dé inú àwo. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ tó ń sọ wá di bàǹbà, ebi kọ́ ló ń gbé wa débẹ̀: àárẹ̀ ni, ìbínú ni, àìsùn ni, ìrònú owó iléèwé ọmọ ni.

Òótọ́ kan wà tí wọ́n fi ń tan èèyàn. Bí ara bá jó ọ̀rá kílò 10 tán, nǹkan bíi kílò 8.4 nínú rẹ̀ ló ń bá èémí jáde gẹ́gẹ́ bíi kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, ìyókù á di omi. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n wá ń mí hẹlẹhẹlẹ kí ọ̀rá lè tètè jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó ọ̀rá náà, iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe àti oúnjẹ tó dín kù ló sì ń mú un jó. Ẹni tó ń mí ju bí ara rẹ̀ ṣe fẹ́ lọ kàn ń lé kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ á fún, òòyì á kọ́ ọ, ètè àti orí ìka ọwọ́ rẹ̀ á sì máa ta á pìnpìn. Bí ẹ bá rí àmì wọ̀nyẹn, ẹ ti ṣe é jù nìyẹn. Ẹ dúró.

Ilẹ̀ Íńdíà ni iṣẹ́ yìí ti wá, pránáyámà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nínú ìlànà Patanjali, àgbà onímọ̀ yóògà láyé àtijọ́, ipele 8 ni yóògà ní, pránáyámà sì ni ìkẹrin: ìwà tó yẹ kéèyàn yẹra fún, ìwà tó yẹ kó máa hù, àti ìjókòó ló ṣáájú rẹ̀, àṣàrò ṣì wà níwájú. Èyí já sí pé àwọn tó ni ín kò wo èémí bí eré ìdárayá. Ọ̀nà láti mú ọkàn dúró sójú kan ni, kí ó lè gbé èèyàn dé ibi àṣàrò.

Svatmarama, tó kọ ìwé Hatha Yoga Pradipika ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún karùndínlógún, dárúkọ iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ 6, ó sì ní ẹni tí ọ̀rá àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá pọ̀ lára rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ ṣe wọ́n kó tó bọ́ sí pránáyámà. Kapalabhati, èémí tí a fi ń já ikùn wọlé kíákíá, tí gbogbo ayé ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, wà lára 6 yẹn. Òun náà ló kìlọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa tu èémí lójú, bí wọ́n ṣe ń tu kìnnìún àti erin lójú, torí pé ẹni tó bá fi ipá mú un, òun ni yóò pa. Ìkìlọ̀ yẹn gan-an ni àwọn fídíò náà kì í sọ.

Ní Ìlọrin, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé ṣé kò ta ko ẹ̀sìn. Inú ẹ̀sìn àti ìmọ̀ àwọn Híńdù ló ti wá, a ò ní torí pé a fẹ́ kí ẹ ṣe é ká wá sẹ́ ẹ. Àwọn tó ń ṣe é bí ìjọsìn máa ń pe ọ̀rọ̀ mímọ́ bíi Om mọ́ ọn. Nínú ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan láti pè. Ònkà lásán ni, oríkèé ìka sì tó o kà. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀ síbẹ̀, ẹ bi áfáà tàbí pásítọ̀ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn ara yín ná. Ẹ gba okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ télọ̀, ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ wá yí i ká ikùn láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìgbáròkó. Ẹ má fa ikùn wọlé, ẹ̀yin lẹ ń tan ara yín. Obìnrin tó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 88, tàbí ọkùnrin tó bá ti kọjá 102, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn ti pọ̀ fún un. Ìwọ̀n kejì: ẹ pín kílò yín fún gíga yín lọ́nà méjì, ní mítà. Ẹni tó wọn kílò 90 tó ga ní mítà 1.60, bó bá pín 90 fún 1.60, tó tún pín èsì rẹ̀ fún 1.60, 35 ló máa rí. Láti 25 la ti ń sọ pé èèyàn ti sanra ju bó ṣe yẹ; 30 sókè ni àsanjù.

Ìjókòó ni ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra ti máa ń ṣìnà. Bí ẹ bá ká ẹsẹ̀ jókòó sórí ẹní, orúnkún á yọ sókè, ẹ̀yìn á tẹ̀, ikùn á sì ti iṣan pẹrẹsẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró sókè, kò ní ráàyè sọ̀ kalẹ̀. Àpótí ìdáná náà kéré jù. Ikùn á kàn gorí itan ni. Àga onígi tí kò lọ́wọ́ ló dáa jù. Ẹ jókòó sí ìdajì iwájú rẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí orúnkún ya díẹ̀ kí ikùn lè ráàyè láàárín. Ẹ tú ìró, bẹ́líìtì tàbí okùn ṣòkòtò. Ẹ má ṣe é níbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ń fẹ́ wọlé.

Àkọ́kọ́ nínú èémí náà ni mímí pẹ̀lú ikùn, òun la ó sì máa ṣe fún ọ̀sẹ̀ 2 gbáko kí a tó fi nǹkan mìíràn kún un. Ọwọ́ ọ̀tún lórí ìdodo, ọwọ́ òsì láyà. Ẹ kọ́kọ́ mí síta. Ẹ wá fi imú mí sínú, ẹ ka 4 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ọwọ́ orí ìdodo á sún síwájú, ti àyà ò ní fi bẹ́ẹ̀ mira. Ẹ fi imú mí síta, ẹ ka 6. Bí ònkà kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan, èémí 6 nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tó jẹ́ pé 12 sí 20 ni àgbàlagbà máa ń mí bó bá jókòó jẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, 5 lálẹ́. Bí 4 àti 6 bá ń mú yín mí gúlegúle, ẹ fi 3 àti 4 bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn máa fi agbára ti ikùn síwájú láìsí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ọwọ́ ń lọ ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́ ìtutù kankan nínú imú.

Ìkejì ni ti ihò imú kọ̀ọ̀kan, nadi shodhana. Ẹ ká ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín ti ọwọ́ ọ̀tún sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò ọ̀tún, ẹ gba ti òsì mí sínú fún 4. Ẹ fi ìka òrùka dí òsì, ẹ ṣí ọ̀tún, ẹ mí síta fún 6. Ẹ gba ọ̀tún yẹn kan náà mí sínú, ẹ dí i, kí ẹ gba òsì mí síta. Ìyípo kan nìyẹn. 9 á gbà yín ní ìṣẹ́jú 3. Àwọn onímọ̀ yóògà gbà pé ihò òsì jẹ́ ti òṣùpá, tó ń tuni lára, ti ọ̀tún jẹ́ ti oòrùn, tó ń múni gbóná, pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba kí ọkàn tó dúró. Ẹ má fún imú pa o, ẹ kàn fọwọ́ kàn án débi tí afẹ́fẹ́ ò ti ní gbabẹ̀. Ẹ má sì sé èémí.

Tí ọyẹ́ bá dé, imú á dí, eruku á kún un. Omi tí a ń fín símú nígbà àlùwàlá ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fọ imú jinlẹ̀ gbọ́dọ̀ lo omi tó ti hó dáadáa tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí kékeré kan tó tẹ́jú sínú ìlàjì lítà. Omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ tí a ò sè kò dáa fún un. Kòkòrò lè gba ibẹ̀ wọ orí.

Kapalabhati ló kàn, ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, fún ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á. Inú òfìfo la fi ń ṣe é, ó kéré tán wákàtí 3 lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ já ìsàlẹ̀ ikùn wọlé lẹ́ẹ̀kan kíá, kí afẹ́fẹ́ fi imú jáde fìn-ín, kí ẹ wá jọ̀wọ́ ikùn. Afẹ́fẹ́ á padà wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ má fà á. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà 20, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú 1, ọ̀wọ́ 3. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ẹ lè fi 10 kún ọ̀wọ́ kan, títí dé 60. Bí èjìká bá ń fò tàbí tí ojú ń fún pọ̀, iye yẹn ti pọ̀ jù fún yín. Aláboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò tíì wálẹ̀, ẹni tó ní ìpá, wárápá, àrùn ọkàn, àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní gilakómà, ọgbẹ́ inú, ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kó fo èyí pátápátá. Kò pàdánù nǹkan kan; méjì tó ṣáájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kò ní dá dúró nítorí èémí.

Lálẹ́, bhramari: ẹ mí sínú, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ máa kùn bí oyin bí ẹ ṣe ń mí síta, ìgbà 5 sí 7, lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn ò le.

Oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Kí ẹ tó tú àmàlà tàbí tùwó, ẹ mí 4 àti 6 fún ìṣẹ́jú 2, kí ọwọ́ tó kan ọbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé agogo 9 alẹ́ ni súyà, máásà tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń pè yín, ẹ ṣe ìṣẹ́jú 5 ná. Bí ebi bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, yóò ṣì wà, kí ẹ jẹun. Bó bá lọ, kì í ṣe ebi. Ẹ wá fi ìrìn tó yá díẹ̀ kún un, ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ìrìn yẹn àti oúnjẹ tó dín kù ló ń jó ọ̀rá.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni àsìkò tó rọrùn jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn: inú ṣófo, ìgboro ò tíì pariwo. Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ gbé e sí nǹkan bí ìlàjì wákàtí ṣáájú ìṣínu, mímí pẹ̀lú ikùn àti nadi shodhana nìkan. Ẹ fi kapalabhati sílẹ̀ torí pé ara ti gbẹ, òòyì kò jìnnà. Ẹ tún ikùn wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, láàárọ̀, pẹ̀lú okùn kan náà. Ẹni tó bá sì ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, tó ń ta jí bí ẹni tí nǹkan fún lọ́rùn, tó sì ń tòògbé lọ́sàn-án, dókítà ni kó lọ rí. Èémí yóògà kọ́ ló máa wo ìyẹn sàn.