Wálẹ̀, sókè: bí a ṣe ń fi píìkì ta gìtá jazz fusion

Ọwọ́ òsì ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá ní Òṣogbo yá dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń já wọn kulẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ àwọn onígìtá jazz fusion (jazz tí a pò mọ́ rock) bíi John McLaughlin, tó dá ẹgbẹ́ Mahavishnu Orchestra sílẹ̀ ní 1971, tàbí Al Di Meola, tó wọ ẹgbẹ́ Return to Forever ní 1974, eré sísá nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Wọn kì í fetí sí bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe dá dúró.

Ẹ wá píìkì (ike pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń ta okùn gìtá) tó nípọn, mìlímítà 1 sókè. Èyí tó rọ̀ á máa tẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Bí kò bá sí, ẹ gé káàdì ATM tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ẹ yún etí rẹ̀ lórí símẹ́ńtì títí á fi dán. Ẹnu píìkì ṣín-ín-ṣín ni kó yọ láàrin ìka. Ẹ má tan amplifier: gìtá tí kò sí nínú iná kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, ẹ ò sì ní máa retí iná ìjọba.

Ẹ gbé metronome (ohun tó ń ka ìlù) orí fóònù sí 60, ìyẹn ìró 60 ní ìṣẹ́jú kan, ohùn mẹ́ta fún ìró kan. Lórí okùn karùn-ún (láti orí èyí tó tínrín jù la ti ń kà á), ẹ tẹ fret (àlàfo àárín àwọn irin ọrùn gìtá) 5, 7, 8. Lórí okùn kẹrin, 5, 7, 9. D Dorian (ìtò ohùn kan tó bẹ̀rẹ̀ láti D) nìyẹn. Ẹ fi píìkì ta á wálẹ̀-sókè-wálẹ̀, lẹ́yìn náà sókè-wálẹ̀-sókè.

Ibi tí a ti ń bọ́ sórí okùn kẹrin ni ìjàngbọ̀n wà. Ìró metronome bọ́ sórí ohùn àkọ́kọ́ ibẹ̀ gan-an, ọwọ́ á sì fẹ́ wálẹ̀, torí ibi tí ìlù bá ti wúwo ló ti fẹ́ràn àtiwálẹ̀. Ẹ má gbà fún un! Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára ní 60. Tó bá di 120, ohùn á so kọ́ra wọn.

Bí ẹ bá ta okùn karùn-ún wálẹ̀ tán, àárín okùn méjèèjì ni píìkì wà. Ó gbọ́dọ̀ fo okùn kẹrin kọjá kó tó lè gbà á láti abẹ́ sókè. Ọrùn ọwọ́ ló ń fò ó, kì í ṣe ìgbọ̀nwọ́. Ọmọkùnrin kan wá bá mi ní Òkè-Fìà, 140 ló ń sá. Mo ní kó bọ́ sí 60, kò lè ta ìlà kan já. Oṣù mẹ́ta la fi tú ọwọ́ yẹn ṣe.

Nítorí náà, ohùn méjì péré fún ọ̀sẹ̀ kan: fret 8 okùn karùn-ún wálẹ̀, fret 5 okùn kẹrin sókè, ìṣẹ́jú 10 láràárọ̀. Bí èjìká bá le, ẹ gbé gìtá sílẹ̀. Bó bá mọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, ẹ fi 4 kún metronome.

Ní ti bí a ṣe ń to ohùn di gbólóhùn, ọ̀dọ̀ onídùndún ni kí ẹ lọ. Lóṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ẹ dúró tì wọ́n: wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún un sọ, wọ́n á yí ìparí rẹ̀ padà. Ẹ mú “Òṣogbo ìlú aró”. Dò ni fret 5, re ni 7, mí ni 8. Lórí okùn karùn-ún: 5, 7, 7, 5, 8, 7, 8. Kí ẹnì kan máa ta Dm7 (ohùn D, F, A àti C lápapọ̀) sí i lábẹ́. Ẹ fi ẹnu kọ ọ́ kí ẹ tó ta á. Ẹ dákẹ́ fún ìró mẹ́rin, lẹ́yìn náà kí okùn kẹrin dáhùn: 5, 7, 7, 5, 9, 7, 9.