Bí A Ṣe Ń Gba Lẹ́búlẹ́bú Àgbàdo Láti Fi Mú Irú Tiwa Jáde

Bí àgbẹ̀ bá gbin àgbàdo funfun, tí ó ṣí háríhá ní ọjọ́ ìkórè tí ó sì rí hóró pupa mélòó kan láàárín àwọn funfun, afẹ́fẹ́ ni ó sábà máa ń wà nídìí ọ̀ràn náà. Ó ti gbé lẹ́búlẹ́bú, ìyẹn ìyẹ̀fun akọ tí ó ń mú kí hóró so, wá láti orí àgbàdo pupa tí ẹlòmíràn gbìn sí tòsí. Àwọ̀ yìí máa ń hàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí àgbàdo náà yóò ṣe ga tó, bí yóò ṣe tètè gbó sí àti bí yóò ṣe kojú àrùn kò ní hàn títí di ìgbà tí a bá tún gbin hóró náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú rẹ̀ dúró bí ó ti mọ̀ ọ́n, tàbí tí ó fẹ́ da irú méjì pọ̀ di ọ̀kan, gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ afẹ́fẹ́.

Ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ó yọ sí orí igi ni akọ, láti ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú ti ń jáde. Ọmọ tí ó yọ ní ìdí ewé ni abo, irun orí rẹ̀ sì ni lẹ́búlẹ́bú ń gbà wọlé. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan so mọ́ hóró kan péré. Fọ́nrán tí lẹ́búlẹ́bú kò bá kàn, àyè hóró rẹ̀ yóò ṣófo, ìdí nìyí tí àwọn ọmọ àgbàdo kan fi máa ń dà bí ẹnu arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká.

Kí ìrùkẹ̀rẹ̀ tó yọ, ẹ rin oko náà já, kí ẹ wo àwọn igi tí ó dúró ṣinṣin, tí ewé wọn tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí àrùn ìlà funfun tàbí kòkòrò ti ba ti àwọn tí ó yí wọn ká jẹ́. Ẹ so àkísà aláwọ̀ mọ́ wọn. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe dúró di ìgbà ìkórè kí ẹ tó yan irú, nítorí pé ọmọ ńlá tí a rí nínú àkójọ lè jẹ́ èyí tí ó bọ́ sí ojú ibi tí ìgbẹ́ adìyẹ pọ̀ sí, tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ ni ó mú un tóbi, kì í ṣe ìran rẹ̀.

Àpò pépà kékeré fún abo, àpò pépà ńlá fún ìrùkẹ̀rẹ̀, píìnì, ọ̀bẹ mímú, asẹ́ kíkúnná àti pẹ́ńsù ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má lo láílọ́ọ̀nù, nítorí pé inú rẹ̀ máa ń làágùn, omi sì máa ń pa lẹ́búlẹ́bú.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ jù ni kí a pẹ́ kí a tó bo abo. A gbọ́dọ̀ bò ó nígbà tí ọmọ ti yọ ṣùgbọ́n tí irun kò tíì yọ. Ẹ ya ewé ìdí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ ki àpò kékeré bọ̀ ọ́ lórí, kí etí àpò náà há sáàárín ọmọ àti igi. Bí fọ́nrán méjì péré bá ti yọ síta, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀, kí ẹ mú òmíràn. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé irun ti yọ dáadáa lábẹ́ àpò, ẹ gé ṣóńṣó ọmọ náà kúrò, kí ẹ sì tètè bò ó padà. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, irun náà yóò ti hù bákan náà, fọ́nrán kan kò ní gùn ju èkejì lọ, lẹ́búlẹ́bú yóò sì lè kan gbogbo wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà ni kí ẹ fi àpò ńlá bo ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́búlẹ́bú, kí ẹ ká ẹnu àpò mọ́ ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì fi píìnì há a. Lẹ́búlẹ́bú àjèjì tí ó ti bà sórí rẹ̀ yóò kú kí ilẹ̀ tó mọ́, èyí tí ó bá sì tú jáde ní òwúrọ̀ yóò jẹ́ ti igi yẹn nìkan.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ. Láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá ni ó dára jù. Ẹ tẹ ìrùkẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ gbọn àpò náà, kí ẹ sì fi asẹ́ yọ pàǹtírí inú rẹ̀. Èyí tí ó dára máa ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó bá ṣù pọ̀, omi ti kàn án. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la, nítorí pé nínú oòrùn líle, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi ń kú. Ẹ fi ara yín dí afẹ́fẹ́, kí ẹ ṣí àpò abo, kí ẹ da lẹ́búlẹ́bú sórí irun rẹ̀, kí ẹ sì fi àpò ńlá bò ó kíákíá. Ẹ há àpò yìí mọ́ igi, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ lè tóbi. Ẹ kọ orúkọ ìyá, orúkọ bàbá àti ọjọ́ sí ara rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, òjò máa ń fọ bírò dànù.

Ẹ má fi lẹ́búlẹ́bú igi kan sórí irun igi yẹn kan náà bí ẹ bá fẹ́ irú tí yóò pẹ́. Àgbàdo tí a fi ara rẹ̀ bí ara rẹ̀ máa ń kúrú, ọmọ rẹ̀ á kéré, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Ẹ da lẹ́búlẹ́bú ọ̀pọ̀ igi pọ̀, kí ẹ lò ó fún àwọn igi mìíràn. Bí igi tí ẹ lò bá tó 100, ó dára gan-an. Ẹni tí oko rẹ̀ kéré lè bá aládùúgbò tí ó ń gbin irú kan náà pín hóró. Àgbàdo háíbíríìdì tí a rà, ìyẹn èyí tí a ti da ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ mú jáde, kì í ṣe ìpìlẹ̀ tí ó dára fún irú tí a fẹ́ kó dúró, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jọ ara wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé irú méjì ni ẹ fẹ́ dà pọ̀, ẹ mọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó bá fi ọjọ́ méje yá ju èkejì lọ, ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín. Ẹ fi sípíríìtì nu ọwọ́ kí ẹ tó kúrò nídìí irú kan bọ́ sí ìkejì. Irú iṣẹ́ àpò pépà yìí ni àwọn olùṣèwádìí IITA, ilé ìwádìí àgbáyé fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, fi mú àgbàdo tí ó ń kojú àrùn ìlà funfun jáde, iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn King Baudouin, tí a fi orúkọ ọba ilẹ̀ Belgium pè, fún wọn ní 1986. Lára ohun tí wọ́n ní tí a kò ní ni oko ńlá àti òṣìṣẹ́ púpọ̀. Ọ̀nà tí a fi ń gba lẹ́búlẹ́bú kò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí háríhá gbẹ lórí igi kí ẹ tó ká a. Bí ẹ bá yọ hóró kan, tí ẹ rí àmì dúdú ní ìdí rẹ̀, ó ti gbó. Ẹ ju ọmọ tí ó bu nù, kí ẹ sì yan hóró àárín ọmọ, tí ó máa ń dọ́gba ju ti orí àti ìdí lọ. Ẹ sá a títí tí yóò fi máa dún bí a bá fi eyín fọ́ ọ. Àwọn bàbá wa máa ń so irú kọ́ sí òkè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò. Kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí hóró kún dé ẹnu, tí a dé pa, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ pín in sí kẹ́ẹ̀gì méjì, kí ẹ sì fi ọ̀kan pamọ́ ní àsìkò àkọ́kọ́, nítorí òjò tí ó lè dá lẹ́yìn tí a bá ti gbìn tán.